Ṣé Ó Ti Wọ Ẹran?

Ó lé lọ́dún kan tí màámi ti ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ kó tó sọ fún mi. Ó ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ó ti jáwọ́ nínú ṣúgà, ó ń mu àgbo láràárọ̀, síbẹ̀ ńṣe ló ń rù sí i. Èmi ọ̀dọ̀yọ̀ sì rèé, èmi ni mò ń bá a ra àgbo ọ̀hún bọ̀ láti àdúgbò Fọlá Àgòrò!

Ẹja ni màámi ń yan tà létí ọ̀sà ní Bàrígà. Tó bá la ikùn ẹja tó rí i pé ìfun ti bàjẹ́, á fìka tẹ ara ẹja náà wò. Bí ìdíbàjẹ́ náà kò bá tíì wọ ẹran, á gé e dànù, á fọ ẹja, á yan án. Tó bá ti wọ ẹran, ó di inú ọ̀sà nìyẹn.

Ọjọ́ tó dákú nídìí ààrò ni mo fi tipátipá gbé e lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà lẹ́nu bọ̀ ọ́ nídìí. Jẹjẹrẹ ìfun ni. Dókítà ní àfi iṣẹ́ abẹ. Màámi fárígá: "Ẹnikẹ́ni ò ní fọ̀bẹ kàn mí!" Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi bẹ̀ ẹ́, mo pariwo, mo sunkún.

Ni dókítà bá yí kọ̀ǹpútà tí àwòrán kámẹ́rà náà wà sí i. Háà! Inú ìyá mi, níbi tí mo gbé fóṣù mẹ́sàn-án, pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán, ó tutù minimini. Ọlọ́run tóbi! Àṣé báyìí lẹ̀dá ṣe rẹwà nínú? Lẹ́yìn náà ni kókó dúdú kan yọ, ó ń ṣẹ̀jẹ̀. Màámi sún mọ́ ọn.

"Ṣé ó ti wọ ẹran?"

Dókítà fìka tọ́ka sí kókó náà. "Ìbéèrè yẹn gan-an la torí ẹ̀ ya gbogbo àwòrán inú yín, Mà. Kò tíì wọ̀ ọ́. Tẹ́ ẹ bá fi falẹ̀, á wọ̀ ọ́."

"Kí lẹ wá ń wò? Ẹ gé e!"

Wọ́n gé e, wọ́n so ìfun pọ̀. Wọ́n tún fa oògùn sí i lára fóṣù bíi mélòó kan kí àìsàn náà má bàa padà, débi tí ẹja kò fi dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ó ti padà sídìí ààrò báyìí.

Dókítà ní àìsàn náà lè rìn nínú ẹbí, kí n wá ṣàyẹ̀wò. Mo ń sọ pé lọ́la, lọ́la. Màámi fúnra rẹ̀ ló wọ́ mi lọ. Wọ́n rí kókó kékeré kan, wọ́n já a lójú ẹsẹ̀.

"Ṣé ó ti wọ ẹran?"

"Rárá o, Mà. Kékeré ni, kò tíì di jẹjẹrẹ."

Màámi, tí kò sunkún tirẹ̀ rí, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó bú sẹ́kún.