Ìdọ̀bálẹ̀ Tí Mo Ṣe ní Guangzhou

Lẹ́yìn tí ọrọ̀ ajé Dubai dojú dé, ilé gogoro tí mò ń ṣọ́ ní Al Khan lẹ́bàá Dubai dúró bẹ́ẹ̀ láìparí. Àwọn òṣìṣẹ́ ti lọ sílùú wọn, èmi nìkan ló kù sẹ́nu ọ̀nà, mò ń ṣọ́ sìmẹ́ǹtì tó ti gan. Kò pẹ́ tí ọ̀gá wa fi sọ fún mi pé bí àdéhùn iṣẹ́ mi bá ti parí, khalas, ó tán nìyẹn, àwọn ò ní tún físà mi ṣe.

Ẹnì kan ṣoṣo ni mo gbójú lé, Alhájì kan, ọmọ ìlú wa, tí wọ́n ń ra ọjà ní Deira, ọjà ńlá Dubai, ránṣẹ́ sí Èkó. Wọ́n ti rí i pé Guangzhou ní Ṣáínà ni àwọn ará Deira gan-an ti ń kó ọjà wá. Wọ́n fẹ́ máa rà á níbẹ̀ fúnra wọn, ṣùgbọ́n wọ́n nílò ẹni tó máa jẹ́ ẹnu fún wọn. Mi ò kàwé púpọ̀, àmọ́ etí mi mú. Alhájì fi mí sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́ kan tí obìnrin ará Ṣáínà ti ń kọ́ èèyàn ní èdè wọn. Wọ́n ní bí mo bá gbọ́ èdè náà dáadáa, àwọn ló máa gba físà tuntun fún mi. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mò ń gbé sùn, òun ni mò ń bá jí.

Nígbà tó yá, olùkọ́ wa kó wa lọ sí Guangzhou fún ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀, Jímọ̀ àti Sátidé, kí á lè fetí ara wa gbọ́ èdè, kí á sì wo àwọn tẹ́ńpìlì àtijọ́. Alhájì sanwó ọkọ̀ mi, wọ́n ní kí n bá wọn lọ. Àwọn ọmọ India àti Philippines ló pọ̀ jù nínú wa, èmi nìkan ni aláwọ̀ dúdú.

Tẹ́ńpìlì tí wọ́n kọ́kọ́ mú wa dé, òrùlé rẹ̀ ká sókè létí bí ẹni fẹ́ fò. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní pákó gíga kan nílẹ̀ téèyàn gbọ́dọ̀ gbẹ́sẹ̀ rékọjá. Olùkọ́ ní ká má tẹ̀ ẹ́. Wọ́n pín ọ̀pá tùràrí fún wa, mo dá tèmi padà, mo ní Mùsùlùmí ni mí.

Nínú, bàbá arúgbó kan tí wọ́n fárí kodoro jókòó, wọ́n ń tọ́jú ibẹ̀. Mo kí wọn pẹ̀lú ìwọ̀nba Ṣáínà tí mo gbọ́. Inú wọn dùn. Wọ́n rọra dìde, wọ́n tẹrí ba, wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọsàn kan fún mi. Bàbá tó lè bí bàbá mi! Ara mi ò gbà á. Kí n tó mọ̀, mo ti na gbalaja, àyà mi kan òkúta. Àwọn tá a jọ lọ ń rẹ́rìn-ín, olùkọ́ ya fọ́tò. Ère oníwúrà ńlá wà lẹ́yìn bàbá náà, ó ń wo ilẹ̀.

Níbi tí mo wà nílẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ kan yọ lọ́kàn mi: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí físà yìí bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo dìde, mo jẹ ọsàn náà.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, olùkọ́ mú fọ́tò náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù Alhájì ní Deira. Ó fẹ́ yìn mí ni, pé èmi ni mo mọ̀wàhù jù nínú kíláàsì òun. Nígbà tí mo débẹ̀, àbúrò Alhájì ló kọ́kọ́ rí mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣọ́ra o," ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Tí ẹ bá tún rán an lọ, òrìṣà ló máa dì mọ́ ẹrù yín."

Alhájì ò rẹ́rìn-ín. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ bàbá àti ọsàn, wọ́n gbọ́ ọ tán.

"Ọmọ Yorùbá ni mí, mo mọ̀ pé àgbà lo kí. Ìbéèrè kan ni mo ní. Nígbà tórí ẹ wà nílẹ̀, ṣé o tọrọ nǹkan?"

Ká ní mo sọ pé rárá ni, wọn ì bá gbà mí gbọ́.

"Mo tọrọ físà, sà."

"Lọ́wọ́ ta ni?"

"Mi ò mọ̀, sà."

Alhájì da ojú fọ́tò náà dé orí páálí. Láìbínú, wọ́n ní ẹni tó máa jẹ́ ẹnu fún àwọn lókèèrè, àwọn gbọ́dọ̀ mọ ibi tó ń kọjú sí bí nǹkan bá le. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́ oore àtẹ̀yìnwá, wọ́n di èjìká mi mú.

"Má ṣe é," ni wọ́n wí.

Físà mi ti parí, Alhájì ò sì gba tuntun fún mi. Mò ń fọ mọ́tò lábẹ́ àwọn ilé gíga àdúgbò Al Taawun, mi ò ní ìwé, tí mo bá rí ọlọ́pàá, mo máa ń yà. Mo máa ń bi ara mi pé kí ló gbé mi débi ẹ̀bẹ̀ yẹn, nígbà tí mo ti dá tùràrí padà. Àbúrò Alhájì ló ń lọ sí Guangzhou báyìí. Kò gbọ́ Ṣáínà rárá. Bó bá há fún un lọ́jà, ó máa ń pè mí pé báwo ni wọ́n ṣe ń sọ pé kí wọ́n dín in kù. Mo máa ń sọ ọ́ fún un díẹ̀díẹ̀, kó lè rí i pè.