Ìpéǹpéjú Aṣojúlóge

Irun ìpéǹpéjú àtọwọ́dá ni obìnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Aṣojúlóge ń bá àwọn obìnrin lẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju ibùsùn tóóró kan, iná tó ń tàn yòò àti dígí ńlá kan lọ. Òun fúnra rẹ̀ kì í bọ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Bí ti àná bá já, á lẹ òmíràn mọ́ ọn lónìí, nítorí ó gbà pé ojú òun ni pátákó ìpolówó òun.

Nígbà tí etí ìpéǹpéjú rẹ̀ wá pọ́n, tó wú, tó ń yún un bí ẹni pé wọ́n da iyanrìn sí i, ẹ̀rù bà á. Láràárọ̀ ni ìpin máa ń lẹ ojú rẹ̀ pọ̀. Bàbá rẹ̀ sì fọ́jú kó tó kú; ó dá a lójú pé ogún ló kan òun yìí. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Gíláàsì dúdú ló rà, tó ń wọ̀ nínú ilé.

"Aṣojúlóge," oníbàárà kan bi í, "ṣé oòrùn ń ràn lábẹ́ òrùlé yìí ni?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, ló já gíláàsì náà gbà lójú rẹ̀ lọ́jọ́ kan. "Háà! Ojú rèé àbí ata? Dìde, ó di ọ̀dọ̀ dókítà."

Dókítà ojú, ìyá àgbàlagbà kan tó ní sùúrù, ní kó gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ, ó tan iná sí i lójú, ó wò ó títí.

"Ẹyinjú rẹ dá ṣáká, ọmọ mi. Ìpéǹpéjú ló ń ṣàìsàn. Ìgbà wo lo fọ ìdí irun yìí gbẹ̀yìn?"

"Kí n fọ̀ ọ́ kẹ̀, mà? Omi kì í kàn án, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á tú. Ìkìlọ̀ tí mò ń ṣe fún oníbàárà náà nìyẹn."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbà mí! Ojú lò ń tọ́jú àbí gọ́ọ̀mù?"

Dókítà ṣàlàyé pé àwọn ihò tíntìntín wà ní etí ìpéǹpéjú, tí òróró ń gbà jáde kí ojú má baà gbẹ. Bí ìdọ̀tí àti gọ́ọ̀mù bá dí wọn, òróró á dì síbẹ̀, ìpéǹpéjú á wú. Kì í ran ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ó máa ń padà wá bí èèyàn bá dẹwọ́.

"Má fi ọwọ́ ra á. Bí ojú bá ń dùn ọ́ gan-an, tàbí tí o kò ríran dáadáa, tètè wá."

"N kò wá ní fọ́jú, mà?"

"Èyí kọ́ ni yóò fọ́ ọ lójú."

Ibẹ̀ ni omijé dé. Bó ṣe gbé ọwọ́ sókè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbá a lọ́wọ́. "Wọ́n ní o má ra á! Ṣé etí náà ti dí ni?"

Wọ́n tú irun náà kúrò. Nílé, bí dókítà ṣe kọ́ ọ, lójoojúmọ́ á rẹ aṣọ mímọ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ tọ́ ọ wò, á gbé e lé ojú tó pa dé. Bó bá tutù, á tún un rẹ. Lẹ́yìn náà, á rọra fi ìka tẹ ìpéǹpéjú lọ síbi ìdí irun, á fi òwú tó rin nu èépá kúrò, òwú ọ̀tọ̀ fún ojú kọ̀ọ̀kan. Díẹ̀díẹ̀, ojú rọlẹ̀. Ojú lásán ló wá fi ń ṣiṣẹ́, oníbàárà kò sì dín.

Nígbà tó yá, iṣẹ́ pọ̀, ó dẹwọ́ nínú ìtọ́jú náà, yíyún náà tún yọjú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí i, ó fi igbe ta.

"Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Àlejò tí mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń sìn ín sọ́nà ni."

Ó gbé omi kaná, ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀.