Ọpẹ́ Tó Ṣáájú Àròyé

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a lò pọ̀ kẹ́yìn, ìyàwó mi ní kí n bá òun tú irun òun, nítorí òwú tí wọ́n fi dì í ń fún òun lórí. Mo jókòó létí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù tí mo gbé e wá láti Ìgbótako, mò ń tú u.

"Ẹ rọra, Tíṣà. Orí mi kì í ṣe pátákó tí ẹ̀ ń nù."

Inú ló ń run ún. Ikùn rẹ̀ ti wú, ó sì le. Ogun ti gba àwọn dókítà yòókù lọ, òyìnbó kan ṣoṣo ló kù tó ń ṣiṣẹ́ abẹ, ẹni méjì ló sì ń dúró dè é: ìyàwó mi àti ọkùnrin kan tí ìpá ń dà láàmú. Láti ìdájí lonípàá náà ti ń ké pé, "Mo kú o! Ẹ bá mi ránṣẹ́ sí màmá mi!"

Ìyàwó mi wò ó. "Òkú yìí mà lóhùn o." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó yára di ikùn mú.

Nígbà tí dókítà dé, ó ní kí nọ́ọ̀sì bi í bí ara ti rí. Ìyàwó mi fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ jókòó, nítorí a kì í dùbúlẹ̀ kí àgbà.

"A dúpẹ́, sà. Ara ń le."

Nọ́ọ̀sì tú u sí èdè òyìnbó pé ara rẹ̀ ti ń yá. Dókítà mi orí, ó kọjá sọ́dọ̀ onípàá.

Nílẹ̀ wa, ọpẹ́ ló ń ṣáájú àròyé. Ẹni tó bá ka àìsàn sílẹ̀ kó tó dúpẹ́, aláìmoore la ń pè é. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dúpẹ́ tán ni, ẹnu rẹ̀ ṣì là sílẹ̀ láti sọ ìyókù.

Mo tẹ̀ lé dókítà, mo ṣàlàyé fún un ní èdè rẹ̀ pé ìkíni lásán nìyẹn, pé ìrora náà ń pọ̀ sí i. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kò sí ọkọ tí kò gbà pé ìyàwó tòun ló yẹ kó ṣáájú.

"Tíṣà, ẹ jẹ́ kí dókítà ṣiṣẹ́ wọn," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ṣebí ìyàwó yín ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́?"

Wọ́n gbé onípàá wọlé. Nígbà tí wọ́n fi padà wá gbé ìyàwó mi, ìfun tó lọ́ nínú rẹ̀ ti jẹrà. Kò jí mọ́. Wọ́n sọ fún mi pé ó pẹ́ kí n tó gbé e wá. Mo mọ ẹni tó pẹ́.

Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá dá orin ọpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń jókòó.

Lẹ́yìn tí àwọn ẹbí túká, mo fi ẹ̀gẹ́ ro púpurú fún àwọn ọmọ wa. N kò rò ó rí. Wọ́n bu òkèlè, wọ́n ń gbé e mì pẹ̀lú agídí.

"Ṣé ó dáa?"

"Ẹ ṣé, Bàbá," ni èyí àgbà wí.

"N kò bèèrè ọpẹ́. Báwo ló ṣe rí?"

Ó wo àbúrò rẹ̀. "Ó ní kókó, Bàbá."

Mo kó o padà sínú ìkòkò, mo da omi gbígbóná sí i, mo tún un rò.