Áì àti A'a ní Ìsọ̀ Obì

"Àwọn Áì ló borí!" Bàbá àgbà mi ké e jáde, ó sì fi ọmọ odó kékeré lu orí àpótí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àwọn ẹlẹ́ja tó wà lápá òsì dìde pẹ̀lú ariwo, eruku sì sọ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

Ìsọ̀ obì bàbá àgbà mi ní Baga Road la wà. Nígbà náà Maiduguri kò tíì pẹ́ tó di olú-ìlú ìpínlẹ̀, wọ́n ṣì ń kọ́ yunifásítì lọ́wọ́, gbogbo ẹni tó ní rédíò ló sì ń gbọ́ bí àwọn aṣòfin ṣe ń bú ara wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó wọ àwọn àgbà ọjà wa lára. Ni wọ́n bá sọ ìpàdé ọjà tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn Jímọ̀ di pálíámẹ́ǹtì. Àwọn èèyàn alága ọjà jókòó lápá ọ̀tún, wọ́n ní àwọn ni ìjọba. Àwọn alátakò jókòó lápá òsì. Bàbá àgbà mi ni Sípíkà, torí ó mọ ìwé, kò sì gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Òun ló kọ òfin ìjókòó sínú ìwé kan, tó tún ń fi Hausa là á yé wọn: ẹni tó bá gbà, kó ní "Áì", ẹni tí kò bá gbà, kó ní "Nó".

Olórí alátakò ni ẹlẹ́ja kan, ọmọ Kanuri, tí ìsọ̀ rẹ̀ fara kan tiwa. Òórùn ẹja yíyan rẹ̀ àti ti ewé tútù tí wọ́n fi ń bo obì ti di ọ̀kan náà nímú mi. Láràárọ̀ tí bàbá àgbà mi bá ń yí obì padà, tó ń ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ sọnù, ọkùnrin yìí á wọlé, á béèrè bó ṣe jí.

"Abokina, ka tashi lafiya?"

"Lafiya lau," ni bàbá àgbà mi á dáhùn, á la obì, á fún un ní ìdajì. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ń pe ara wọn ní abokina, ọ̀rẹ́ mi.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ìjọba ọjà fẹ́ kó àwọn ẹlẹ́ja kúrò létí títì lọ sẹ́yìn gáréèjì, ibi tí oníbàárà kì í dé. Sípíkà béèrè pé ta ló gbà. Inú ti ń bí àwọn ẹlẹ́ja, wọn ò rántí òfin kankan mọ́. "A'a! A'a!" ni wọ́n ń ké, bí Hausa ṣe ń sọ pé rárá. Etí bàbá àgbà mi ti ń wúwo nígbà náà. Nínú ariwo yẹn, "Áì" ló gbọ́. Nígbà tó béèrè pé ta ni kò gbà, àwọn ẹlẹ́ja dákẹ́, wọ́n rò pé àwọn ti dáhùn.

Ibi tó ti ń ṣe àlùwàlá Àsárì lọ́jọ́ náà ni bàbá àgbà mi ti pè mí. Ó mọ̀ pé Hausa yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu ju Yorùbá lọ.

"Kí lo gbọ́ tí wọ́n wí?"

"A'a ni, Baba."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Ẹ ní ọmọdé kì í sọ̀rọ̀ ní pálíámẹ́ǹtì."

Kò bá mi wí. Ó gbàgbé kẹ́tùrù lọ́wọ́, omi inú rẹ̀ ń dà sílẹ̀.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó jẹ́wọ́ lójú gbogbo wọn pé etí òun ló gbọ́ ọ sódì. Àwọn alátakò ní kó pa ìdájọ́ náà rẹ́. Ọ̀kan nínú ìjọba ṣí ìwé òfin síwájú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́: "Sípíkà, ga dokarka." Òfin rẹ nìyí. Ohun tí bàbá àgbà mi fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni pé ẹni tó bá borí nìkan ló lè ní kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ gbé yẹ̀ wò. Ó yíjú sápá ọ̀tún, ó ń wojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń tọrọ. Ẹnì kan ò dìde.

"Bí mo bá rú òfin lónìí nítorí ọ̀rẹ́ mi," ló wí, "ẹlòmíràn á rú u lọ́la nítorí ọ̀tá rẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kó àwọn ẹlẹ́ja lọ.

Láti ìgbà náà, bàbá àgbà mi ló ń rìn lọ sẹ́yìn gáréèjì, á ṣa obì tó dára jù lọ dání. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ á fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, á kí i káàbọ̀ dáadáa: "Barka da zuwa, Sípíkà." Kò bú u rí, kò sì pè é ní abokina mọ́. Ọjà rẹ̀ kú díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀, ó padà sí abúlé rẹ̀ létí adágún, ibẹ̀ ni wọ́n ti ránṣẹ́ wá pé ó ti kú. Bàbá àgbà mi ṣàdúà fún un tán, ó fi ọwọ́ nu ojú, ó wá sunkún bí ọmọdé.

Mo ti jókòó ní ìpàdé púpọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Bí wọ́n bá ní kí ẹni tó gbà fi ohùn dáhùn, mo máa ń ní kí wọ́n nawọ́, wọ́n sì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo le. N kì í ṣàlàyé. Àwọn ará ilé wa ń sọ títí dòní pé òfin ló já okùn ọ̀rẹ́ bàbá àgbà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni mo jókòó sí lọ́jọ́ náà, mo gbọ́ ohun tí wọ́n wí ketekete. Kí n fa etí ẹ̀wù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré ni ì bá tó. N kò fà á.