Ìwé Tí Wọn Ò Kà Sí Wa Létí

Ó ku nǹkan bí ọdún márùn-ún kí àwọn ológun tó gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Epo bẹntiróòlù wọ́n nígbà náà, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn láti Ìrẹmọ dé ilé-iṣẹ́ pákó tí mo ti ń gbálẹ̀ lẹ́yìn ìlú. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ayé ìsinsìnyí lẹ ní kí n kọ ọ́, torí ẹ gbọ́ pé mo wà níbẹ̀. Puráímárì mẹ́ta péré ni mo kà. Bó ṣe rí ni mo máa sọ ọ́, mi ò sì ní kánjú.

Iṣẹ́ wa ni láti máa gbá ìyẹ̀fun pákó tí ayùn ńlá ń tú sílẹ̀ tó bá ń la gẹdú. Àwa obìnrin tó ń ṣe é kò pé ogún. Ilé-iṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní káàdì ìwòsàn. Tí ibà bá dé, tí ọmọ bá ń húkọ́, wàá mú káàdì lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìlàrè, nọ́ọ̀sì á wò ẹ́, á fún ẹ lóògùn, o ò ní san kọ́bọ̀. Ọ̀fẹ́ la máa ń pè é. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó bèèrè ibi tí ọ̀fẹ́ náà parí sí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Bàbá Rẹ̀mí, ọkọ mi, oko ló ń ro lọ́nà Ìpetumodù. Ìgbà tó yá ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lu nǹkan. Ewúrẹ́ á dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ní rí i, bẹ́ẹ̀ ó ń rí ẹyẹ lórí igi lọ́ọ̀ọ́kán. Ó ní ńṣe ló dà bí ẹni ń yọjú wo ìta láti ojú ihò kọ́kọ́rọ́. Mo mú un lọ sí Ìlàrè. Nọ́ọ̀sì ò tilẹ̀ wo orúkọ tó wà lára káàdì mi, ó ti mọ̀ mí. Ó tan iná sí i lójú, ó ní, “Ìyá Rẹ̀mí, eléyìí kọjá agbára wa. Dókítà ojú ló máa rí i, ní ilé ìwòsàn ńlá. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ o.” Ó kọ lẹ́tà fún wa.

A gbé lẹ́tà náà lọ pẹ̀lú ìdùnnú. Akọ̀wé tó ń gbowó kà á, ó dá a padà sí mi lọ́wọ́. Ọmọlúàbí ni, kò pariwo mọ́ wa.

“Ìyá, lẹ́tà yìí ń sọ fún dókítà pé kó wo bàbá. Kò sọ ẹni tó máa sanwó. Ẹ lọ gba ti ilé-iṣẹ́ yín wá.”

Ó sọ iye tó máa jẹ́ bí a bá fẹ́ san án fúnra wa, ti rírí dókítà lọ́tọ̀, ti àyẹ̀wò lọ́tọ̀. Bàbá Rẹ̀mí ló kọ́kọ́ dìde. Wọ́n dá ọjọ́ fún wa, Ọjọ́bọ̀ kan tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà jìnnà.

Mo lọ bá ọ̀gá tó ń tọ́jú fáìlì òṣìṣẹ́. Ọkùnrin pẹ̀lẹ́ kan ni.

“Ìyá, kí lorúkọ ọkọ yín?”

“Bàbá Rẹ̀mí.”

“Mo rí i. Ohun tí ẹ sọ lọ́jọ́ tí ẹ gbaṣẹ́ náà nìyẹn, ohun tí wọ́n sì kọ síbí nìyẹn. Èyí tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ ńkọ́?”

Mo wolẹ̀. Ní agbo ilé tiwa, ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti wà nílé rẹ̀, orúkọ náà ò jáde lẹ́nu mi rí. Mo bojú wẹ̀yìn bóyá èèyàn wà lẹ́nu ọ̀nà.

“Jòsáyà,” ni mo wí, bí ẹni ń jí nǹkan.

Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló gbé bírò sílẹ̀. “Àmọ́ ẹ má bínú, Ìyá. Mi ò lè fún un ní lẹ́tà. Òṣìṣẹ́ tó bá jẹ́ ọkùnrin ló ń fi ìyàwó sí káàdì. Obìnrin ò lè fi ọkọ sí i.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ìwé àdéhùn ni. Ẹgbẹ́ yín fọwọ́ sí i.”

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Ìyá Músíbáù, ẹni tí a jọ ń gbálẹ̀ lábẹ́ ayùn kan náà, ó fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. “Háà! O pe ọkọ ẹ lórúkọ, wọn ò tún fún ẹ ní lẹ́tà? O ti bọ́ra láàárín ọjà, wọn ò sì ra nǹkan lọ́wọ́ ẹ!” Nígbà tó rí ojú mi, ó mú ìgbálẹ̀ rẹ̀ padà. Ọkọ tirẹ̀ náà ní ìtọ̀ ṣúgà.

A gbé e dé ìpàdé ẹgbẹ́. Akọ̀wé ẹgbẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Kọ́múréèdì, ní, “Ẹ̀yin ìyá wa, ọ̀rọ̀ owó oṣù ló gbé wa wá síbí. Ọ̀rọ̀ ojú ọkọ yín, ọ̀rọ̀ ilé ni.”

Ìyá Músíbáù dìde. “Kọ́múréèdì, oyún inú ìyàwó ẹ tí ilé-iṣẹ́ ń tọ́jú ńkọ́? Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé? Àbí gbọ̀ngàn ìpàdé lẹ ti lóyún ọ̀hún?”

Àwọn ọkùnrin pàtẹ́wọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, mo ní, “Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ìwé tí ẹ fọwọ́ sí lórúkọ wa, ẹ kà á sí wa létí.”

“Gẹ̀ẹ́sì ni, Màmá.”

“Ẹ túmọ̀ rẹ̀.”

Ó ní ó dọjọ́ mìíràn. Ní ọjọ́ kejì, àwa obìnrin gbé ìgbálẹ̀ lé ẹsẹ̀, a jókòó sórí gẹdú lẹ́nu géètì. A ò kọrin, a ò dínà mọ́ ẹnikẹ́ni. Ìyẹ̀fun pákó bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì tí a jókòó, ó ti dé orúnkún àwọn tó ń fa ayùn, wọ́n ń sín, wọ́n ń nu ojú. Ní ọjọ́ kẹta, ayùn dúró. Kọ́múréèdì mú ìwé jáde, ó gun orí gẹdú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ó dára pé ó kà á. Òṣìṣẹ́, ìyàwó kan, ọmọ mẹ́rin, àwọn ni káàdì wà fún. Bí ọ̀rọ̀ bá di ti dókítà àgbà tó mọ̀ nípa àìsàn kan pàtó, ilé-iṣẹ́ máa sanwó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí èèyàn bá rí i. Bó bá ní kó o padà wá, o di ọwọ́ ara rẹ. Àyẹ̀wò, ọwọ́ ara rẹ. Oògùn, ọwọ́ ara rẹ. Àwọn ọkùnrin tó ń rẹ́rìn-ín ní ìpàdé ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ń wo ara wọn. Àwọn náà ti rò pé ohun gbogbo ló wà nínú káàdì. Ohùn Kọ́múréèdì fúnra rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀, òun náà ò kà á dé ìsàlẹ̀ rí kó tó fọwọ́ sí i.

Báyìí ni gbogbo ilé-iṣẹ́ ṣe daṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn ọ̀gá ní kò sí lẹ́tà ìwòsàn fún ẹnikẹ́ni títí a ó fi wọlé. Ọ̀sẹ̀ kẹrin ìyanṣẹ́lódì náà ni Ọjọ́bọ̀ tiwa bọ́ sí.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ náà, ọ̀gá pẹ̀lẹ́ tó ń tọ́jú fáìlì bá mi lẹ́nu géètì. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ìyá, mo ti tẹ lẹ́tà Jòsáyà. Wọ́n ti fọwọ́ sí i, ó wà nínú àpò mi yìí. Ẹ ṣáà wọlé lọ́la, kí ẹ gbá ibi díẹ̀, kí àwọn obìnrin yòókù rí yín.”

Ó mọ ohun tó ń sọ. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí mo bá wọlé, wọ́n á tẹ̀ lé mi. Bí obìnrin bá gbá ilẹ̀, ayùn á ṣiṣẹ́. Mo wo àpò ẹ̀wù rẹ̀. Etí bébà náà yọ díẹ̀.

“Ẹ ṣeun, ọ̀gá,” ni mo wí. “Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀.” Mo padà sórí gẹdú mi.

Mi ò sọ fún Bàbá Rẹ̀mí. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó wọ bùbá rẹ̀ tó mọ́, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

“Ṣé lẹ́tà ti dé?”

“Kò tíì dé.”

Ó jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi kan án lẹ́sẹ̀, ó wá bọ́ bùbá náà, ó ká a.

Ìjà náà parí lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Wọ́n fi ọkọ obìnrin òṣìṣẹ́ sínú káàdì. Rírí dókítà àgbà di ẹ̀ẹ̀mẹta lórí lẹ́tà kan, wọ́n sì fi àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kún un. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀ lórí oògùn. Oṣù mẹ́ta kọjá kí a tó rí ọjọ́ mìíràn gbà. Dókítà ojú, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan, yẹ ojú rẹ̀ wò títí. Ó ní omi tó pọ̀ jù nínú ẹyinjú ló ń tì í láti inú, tó ń jẹ ìríran lọ díẹ̀díẹ̀. “Bàbá, ojú òsì ti lọ. Èyí tó bá ti lọ kì í padà. Ọ̀tún la ó gbìyànjú láti dá dúró.” Mi ò bi í bóyá Ọjọ́bọ̀ tí a pàdánù yẹn ì bá gba ojú náà là. Títí dòní mi ò mọ̀. Oògùn tí à ń kán sí ojú ọ̀tún, àwa là ń rà á títí ọkọ mi fi kú. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

Ẹ bi mí pé kí la jèrè nínú rẹ̀. Ọkọ Ìyá Músíbáù rí dókítà. Mo lè ka ọkọ mẹ́fà mìíràn. Kò kéré. Bíi ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, ilé-iṣẹ́ ọ̀hún kógbá wọlé, káàdì di bébà lásán. Ẹ̀yin ti ní káàdì oníròóbà tó ní fọ́tò báyìí. Kí ẹ tó gbé e tọ dókítà àgbà lọ, ẹ bèèrè ẹni tí káàdì náà wà fún àti ibi tó parí sí. Ẹ má dúró dìgbà tí akọ̀wé á sọ fún yín lójú fèrèsé.

Ó pẹ́ gan-an kí n tó sọ ti lẹ́tà inú àpò yẹn fún Bàbá Rẹ̀mí. À ń bó ẹ̀gúsí lọ́wọ́, ó ń fi ìka wá èyí tí kò rí lápá òsì. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Kò dá iṣẹ́ dúró.

“Ọkọ mélòó lo sọ pé ó rí lẹ́tà gbà?”

“Méje tí mo mọ̀.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi náà ì bá ní kó o má wọlé.” Ó bó ọ̀kan, ó bó èkejì. “Àmọ́ ojú mi ni, Ìyá Rẹ̀mí. Ò bá ti bi mí.”

Mo ti ẹ̀gúsí apá òsì sún mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ohun kan náà tí mo torí rẹ̀ jókòó sórí gẹdú ni mo ṣe sí i. Mo fọwọ́ sí i fún un, mi ò kà á sí i létí.