Ẹsẹ Kẹta Tí A Kò Gbọ́

“Ẹ ṣọ́ra o, Màmá. Ẹ ti ń fi ọwọ́ ara yín parí orin olórin.”

Tíṣà tí ilé rẹ̀ fara kan tiwa ní Ẹ̀gùá ló kì mí nílọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, mo ń bó ẹ̀gẹ́, mo sì ń fi ohùn jẹ́jẹ́ kọ orin kan tí ìyá arúgbó tí à ń pè ní Ìyá Àgbà kọ fún wa rí. Ẹsẹ mẹ́ta ni orin náà ní, méjì péré ni a sì gbọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà mo kọ ti àkọ́kọ́, mo kọ èkejì, ẹsẹ kẹta sì tẹ̀ lé e láti ẹnu mi bí ẹni pé ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Tíṣà yọ orí lókè ògiri, ó ní, “Ta ló kọ́ yín nìyẹn?” Kò sí ẹni tó kọ́ mi.

Ó ní, “Bí ẹ kò bá kọ èyí tí ẹ gbọ́ sílẹ̀, láìpẹ́ ẹ ó máa búra pé Ìyá Àgbà ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.”

Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Ohun tí mo gbọ́ ni mo fẹ́ kọ, kò ní jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ìjọba tó ti ẹnubodè, àwa méje ni a máa ń pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Tíṣà ní gbogbo Sọ́ńdè, ní aago mẹ́rin ọ̀sán: Tíṣà àti ìyàwó rẹ̀, télọ̀ kan, mẹkáníìkì tó ń tún ọ̀kadà ṣe, Ìyá Àgbà, ọmọbìnrin mi àti èmi. Orin méjì là ń gbọ́ lọ́jọ́ kan, a ó fi wọ́n wéra, a ó sì dìbò. Ọ̀kan á jẹ́ orin àtijọ́, irú èyí tí wọ́n ń kọ lóko àti létí odò. Èkejì á jẹ́ orin gìtá àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń gba ohùn ara wọn sílẹ̀ nínú yàrá, tí ilé iṣẹ́ orin kankan kò bá wọn gbé jáde, tí rédíò kì í sì í fi wọ́n sáfẹ́fẹ́. Ọmọ mi ló máa ń wá àwọn yẹn rí lórí fóònù. Bí ó bá ti kọ́ ọ̀kan dáadáa, á fi gìtá tí ṣọ́ọ̀ṣì yá a kọ ọ́ fún wa.

Mẹkáníìkì kì í jẹ́ kí ó gbádùn. “Orin rẹ yìí dà bíi ti ẹni tí eyín ń dùn.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tí ẹ kì í gbọ́ ju ariwo ẹ́ńjìnnì lọ, kí lẹ mọ̀?”

“Ẹ́ńjìnnì ṣáà máa ń parí ohun tó bá bẹ̀rẹ̀,” ni ó máa ń dáhùn.

Ìyá Àgbà ló mú òfin tí kì í jẹ́ kí a kọ gbogbo orin parí wá. Ìhà ti Faransé, lódìkejì ẹnubodè, ló ń gbé, ìrìn ọ̀kadà bí ogójì ìṣẹ́jú sí wa. Sátidé ló máa ń kó ata gbígbẹ àti irú wá sí ilé àbúrò rẹ̀ obìnrin tó wà ní Ẹ̀gùá, á sì padà ní àárọ̀ Mọ́ńdè. Ó ní nígbà tí àwọn jẹ́ ọmọge, àwọn kì í kọ orin tuntun parí lójú odò. Ẹni tó gbé orin wá á dúró kí ó tó kan ẹsẹ ìkẹyìn, àwọn yòókù á sì yan èyí tí wọ́n fẹ́ gbọ́ parí. Èyí tí wọn kò bá yàn á padà sílé láìparí, ẹni tó ni ín sì lè tún gbé e wá lọ́jọ́ mìíràn. Ó ní ìyẹn ló ń mú kí ènìyàn padà wá. Àwa náà gbà á bẹ́ẹ̀. A gbé abọ́ méjì tó ní ìdérí sẹ́yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà, funfun fún orin àtijọ́, aláwọ̀ ewé fún orin gìtá. Olúkúlùkù á mú hóró àgbàdo kan wọlé ní òun nìkan.

Ní Sọ́ńdè tí a gbọ́ orin tí mo ń sọ yìí, ọmọ mi ti fìdí rẹmi nínú ìdìbò lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀ lé ara wọn. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta, kò jẹun alẹ́, kò sì jẹun àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìyá ni mí, mo ka oúnjẹ tí kò jẹ. Ó kọ orin rẹ̀ lọ́jọ́ náà, orin ọmọkùnrin kan tó ń dúró de ọkọ̀ nínú òjò. Ó dára. Ó dúró kí ó tó kan ẹsẹ ìkẹyìn, a pàtẹ́wọ́.

Ìyá Àgbà kò dìde. Ó fi ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó sì kọ èyí:

Ọmọ mi, kí lo gbàgbé sódìkejì odò?
Mo gbàgbé igbá tí mo fi ń pọnmi.
Padà lọ gbé e, oòrùn ṣì wà lókè.

Ọmọ mi, kí lo gbàgbé sódìkejì odò?
Mo gbàgbé ìborùn tí mo fi ń borí.
Padà lọ mú un, oòrùn ti ń rọlẹ̀.

Ó tún bi ìbéèrè náà lẹ́ẹ̀kẹta, ó wá pa ẹnu mọ́.

“Ìyá, ẹ má ṣe wá báyìí!” ni mẹkáníìkì kígbe.

“Ẹ lọ dìbò,” ni ó wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Orin náà wọ̀ mí lára. Mo mọ èyí tó dára jù. Mo wọ ẹ̀yìn aṣọ, mo dúró síwájú abọ́ funfun, mo ronú kan ọmọ mi àti oúnjẹ rẹ̀, mo sì ju hóró mi sínú abọ́ aláwọ̀ ewé.

Tíṣà ṣí abọ́, ó kà: mẹ́rin fún gìtá, mẹ́ta fún orin àtijọ́. Ọmọ mi kọ orin rẹ̀ parí, ṣùgbọ́n ojú Ìyá Àgbà ló ń wò ní gbogbo àkókò náà. Bí a ṣe fẹ́ túká, ó lọ kúnlẹ̀ tì í.

“Ìyá, ẹ kàn sọ ọ́ sí mi létí.”

“Háà! Orin tí a kò dìbò fún, a kì í kọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Sọ́ńdè tó ń bọ̀ n ó tún gbé e wá, màá sì nà ọ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gìtá rẹ.”

Nígbà tí a ń lọ sílé, ọmọ mi bi mí pé, “Màmá, ibo lẹ ju tiyín sí?”

“Tìrẹ ni.”

Ó dúró lójú ọ̀nà. “Ti Ìyá Àgbà lèmi ju tèmi sí. Mo fẹ́ mọ ohun tí ọmọ yẹn gbàgbé.”

Mo ṣe ìṣirò náà kí a tó dé ilé. Hóró tèmi nìkan ni. Ká ní abọ́ funfun ni mo jù ú sí, à bá ti gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà.

Láàrin ọ̀sẹ̀ yẹn ni ìjọba ti ẹnubodè pa. A rò pé kò ní pẹ́. Ní Sọ́ńdè, àga Ìyá Àgbà ṣófo. Ní èyí tó tẹ̀ lé e, ó tún ṣófo. Lẹ́yìn náà ìjọba ní kí wọ́n má gbé epo wá sí àwọn ilé epo tó sún mọ́ ẹnubodè mọ́, mẹkáníìkì kò sì rí ọ̀kadà tún ṣe.

Ọlọ́kadà tó máa ń gbé Ìyá Àgbà wá ló kọ́kọ́ mú ìròyìn rẹ̀ dé. “Ìyá ní orin náà ṣì wà lẹ́nu òun o. Ó ní kí ọmọ olórin wá gbà á. Mo lè gbé e lọ, inú igbó la máa gbà.”

“Ṣé ọmọ tìrẹ lo máa gbé gba ibẹ̀?” ni mo bi í.

“Màmá, èmi fúnra mi ni mo ń gbà á.”

“Ìwọ kì í ṣe ọmọ mi.”

A ti ń gbọ́ ìró ìbọn àwọn aṣọ́bodè láti ojú ọ̀nà igbó náà. Tíṣà ní kí ọlọ́kadà fi fóònù gba ohùn Ìyá Àgbà wá. Ó lọ, ó sì bọ̀ lọ́wọ́ òfo: Ìyá ní òun kò lè máa kọrin fún fóònù, kí ẹni tó fẹ́ gbọ́ wá jókòó síwájú òun. Ọmọ mi bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mẹta, mo kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo gbé bàtà rẹ̀ sínú àpótí mi, mo sì fi kọ́kọ́rọ́ sọ́rùn. Láìpẹ́, ọlọ́kadà náà ò tún gba ibẹ̀ mọ́.

Ìgbà òjò tó tẹ̀ lé e ni àbúrò Ìyá Àgbà wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Tíṣà. Bí mo ṣe rí bí ó ṣe di ìborùn mọ́rí, mo ti mọ̀ pé Ìyá Àgbà ti kú. Ọmọ mi kò sunkún. Ó gbé gìtá, ó dá a padà sí ṣọ́ọ̀ṣì.

“Ṣé o ò ní ta á mọ́ ni?” ni mo bi í.

“Tí mo bá gbọ́ ẹsẹ kẹta, màá lọ gbà á padà.”

Nígbà tí ọ̀nà là, èmi fúnra mi ló mú ọmọ mi lọ sí ilé Ìyá Àgbà. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ orin náà. Wọ́n kọ ọ́ fún wa nínú àgbàlá, ohùn wọn sì dùn. Ibi tí Ìyá Àgbà dúró sí fún wa ni àwọn náà dúró sí. Bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń ṣe fún wọn, á ní ó di ọjọ́ mìíràn.

Ọmọ mi ti wà ní Ayétòrò báyìí, ó ń kọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀. Tó bá pè mí, mo máa ń bi í bóyá ó ti jẹun. Ó ń jẹun. Ọ̀rọ̀ gìtá ni n kì í lè béèrè. A kò pàdé mọ́, ṣùgbọ́n ní aago mẹ́rin ọjọ́ Sọ́ńdè, mo ṣì máa ń gbé àga sí ẹ̀yìnkùlé, kí n lè gbọ́ bí Tíṣà bá ṣí ìlẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀.

Ẹsẹ kẹta tó ti ẹnu mi jáde, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Nínú tèmi, ìyá náà di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó ní kó má padà lọ mọ́. Èmi ni mo sọ ìyẹn. Mo mọ̀ pé Ìyá Àgbà kò ní sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, pàápàá ẹ̀yin ará Ẹ̀gùá, Ìwòyè-Kétu àti àwọn ìletò òdìkejì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ẹsẹ méjèèjì yìí sí etí àwọn ìyá àgbà yín. Bí ọ̀kan nínú wọn bá mọ èyí tó kù, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó bá ṣe kọ ọ́, ẹ má fi nǹkan kan kún un, kí ẹ sì kọ ọ́ fún ẹni tó bá ń bọ̀ ní Ẹ̀gùá tàbí Ayétòrò. Ọmọ mi ń dúró dè é.