Ọjọ́ tí Géèmù Baba Tún Dún

Òórùn tùràrí ló kọ́kọ́ pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́yìn náà ni ti eruku tó ti pẹ́ lára kọ́tìnì, àti ti wàrà tí wọ́n ń dín nílé kejì. Pálọ̀ ìsàlẹ̀ ilé Àlájà ni mò ń sọ, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan tí kò jìnnà sí Ọjà-Ọba, níbi tí kẹ̀kẹ́ ò ti lè já ọ sẹ́nu ọ̀nà nítorí àwọn tó pàtẹ sójú ọ̀nà. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi tó ń tún fíríìjì ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún ẹ̀rọ oníná ṣe ní Challenge la jọ gbé àpótí irinṣẹ́ wọlé, ó ń ráhùn pé mo ti sọ òun di alágbàárù. Mo ní kó fara balẹ̀, pé ohun tí mo fẹ́ fi hàn án, kò rí irú rẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀ èmi náà ò rí i rí o! Orí fóònù ni Àlájà ti ṣàpèjúwe rẹ̀ fún mi, láti ìgbà náà ni mo sì ti ń wo fídíò nípa rẹ̀, tí inú mi ń dùn bí ọmọ tó ń retí aṣọ Iléyá.

Géèmù Baba ni gbogbo ilé ń pè é. Pínbọ́ọ̀lù ni, irú èyí tí wọ́n ń ṣe láyé ìgbà tí kò tíì sí kọ̀ǹpútà nínú ẹ̀rọ ayò. Àpótí gígùn kan ni, lórí ẹsẹ̀ irin mẹ́rin, gíláàsì bò ó lójú. Bọ́ọ̀lù irin kan á máa sáré lábẹ́ gíláàsì náà, á máa kọlu òpó kéékèèké, agogo á máa dún, ẹni tó ń ta ayò náà á sì máa tẹ bọ́tìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí kí apá kéékèèké méjì tó wà nísàlẹ̀ lè gbá bọ́ọ̀lù padà sókè kó tó jábọ́ sínú ihò. Ọkọ Àlájà, tó ń ta òfì lọ́jà, ló rà á nígbà tí òtẹ́ẹ̀lì kan nígboro kógbá sílé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí pé Àlùhájì ń ṣeré ọmọdé. Ó ń bá eré rẹ̀ lọ. Tó bá ti kírun Ìṣáì tán, ìdí géèmù ló ń wà, Àlájà á máa gbọ́ agogo rẹ̀ láti yàrá òkè, á sì mọ̀ pé ọkọ òun ti dé láti mọ́ṣáláṣí.

Nígbà tí Baba kú, géèmù náà dákẹ́. Lẹ́yìn fìdáù ọjọ́ kẹjọ, ẹnì kan tan iná sí i. Iná rẹ̀ tàn lóòótọ́, àmọ́ kò sí ohun kan tó mira nínú rẹ̀, kò gbá bọ́ọ̀lù, agogo ò dún. Wọ́n pe oníná kan, ìyẹn tú u títí, iná tó ń tàn tẹ́lẹ̀ náà tún kú. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ilé ti gbà pé ó bá ẹni tó ni ín lọ. Kò sẹ́ni tó gbìyànjú àtitún un ṣe mọ́, ńṣe ni wọ́n ń gbé tírè oúnjẹ lé e.

Ohun tó mú kí Àlájà pè mí kò ju orúnkún lọ. Orúnkún rẹ̀ ò gba àtẹ̀gùn mọ́, ọmọ rẹ̀ àgbà ọkùnrin sì ti wálé láti Àbújá kó lè sọ pálọ̀ ìsàlẹ̀ di yàrá fún un. Ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì, tábìlì ìjẹun àti géèmù ò lè gba pálọ̀ kan ṣoṣo, ó sì ti bá àwọn tó ń ra irin àlòkù sọ ọ́ pé kí wọ́n wá gbé géèmù lọ lẹ́yìn ìrun Alásárì lọ́jọ́ yẹn gan-an.

“Mi ò ní kí wọ́n má gbé e o,” Àlájà sọ fún wa, ó ń fi ìka fọ eruku orí gíláàsì. “Tó bá ti kú lóòótọ́, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ fún mi pé ó kú.”

“Màámi, ẹ̀rọ ni o,” ọmọ rẹ̀ fèsì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. “Kì í ṣe èèyàn.”

Àlájà ò wo ojú rẹ̀. Nígbà yẹn ló yé mi pé iṣẹ́ tí a bá wá kọjá ti wáyà.

A yọ gíláàsì, a gbé pákó eré rẹ̀ sókè, mo sì pariwo! Ó yẹ kí o rí inú ẹ̀rọ yẹn. Wáyà pupa, àwọ̀ ewé, ìyeyè, wọ́n lọ́ mọ́ra bí ìfun ẹran, síbẹ̀ kò sí èyí tí kò níbi tó ń lọ. Kọ́ìlì, wáyà wíwé tó ń fa irin tí iná bá wọ̀ ọ́, tò lọ rẹrẹẹrẹ, àwọn ewé irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń pàdé tó ń pínyà kí iná lè kọjá pọ̀ débi pé mi ò lè kà wọ́n. Ọ̀rẹ́ mi tó ń ráhùn ti kúnlẹ̀, ó ti ki orí bọ inú àpótí. Ibi fíúùsì la ti bẹ̀rẹ̀. Oníná ọjọ́ kìíní ti yọ ojúlówó rẹ̀, ó fa fọ́nrán wáyà kan rọ́pò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà wa níbí, fọ́nrán náà sì ti jó. Mo fi fíúùsì tó bá a mu sí i, mo tan sọ́kẹ́ẹ̀tì, iná sì tàn yí gbogbo ojú ẹ̀rọ náà ká! Òórùn eruku gbígbóná gba inú pálọ̀. Àlájà fọwọ́ bo ẹnu.

Mo tẹ bọ́tìnì. Kò sí nǹkan kan. Mo tún un tẹ̀. Ó rí gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe sọ pé ó rí lẹ́yìn fìdáù, ojú là sílẹ̀, kò sí èémí.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. A fi mítà tó ń wọn iná wo kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan, wọ́n dára. A fi sáńpépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ha ẹnu àwọn ewé irin tó ti dípẹtà, a fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà tó ti já, a tún tan án, pàbó ló já sí. Wọ́n pe ìrun Àílà, a lọ kírun, a padà wá bá a bí a ṣe fi í sílẹ̀. “Wàláì, Ìyá Onímítà, nǹkan yìí ti kú,” ọ̀rẹ́ mi sọ sí mi létí, kí Àlájà má baà gbọ́. Inú bí mi sí i, nítorí pé èmi náà ti ń rò ó bẹ́ẹ̀.

Àlájà ní kí a sinmi, kí a jẹun. Ó ní kí a dá gíláàsì padà, ó sì gbé tírè lé orí géèmù bó ṣe máa ń ṣe, tùwó pẹ̀lú ọbẹ̀ nínú abọ́ méjì tó kún dé ẹnu. Mo jókòó, mo ń wo ọbẹ̀ tèmi, kò tíì wọ̀ mí lọ́fun. Ọbẹ̀ náà dọ́gba nínú abọ́. Kò dà sí ọ̀tún, kò dà sí òsì, kò sún wá sọ́dọ̀ mi. Ó dọ́gba bí ẹni pé orí tábìlì ló wà.

Mo fò dìde. Ọ̀rẹ́ mi rò pé eegun há mi lọ́fun. Ẹ̀rọ tí bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ máa yí wálẹ̀ lójú rẹ̀, báwo ló ṣe máa dọ́gba? Mo dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, ni mo bá rí pákó nípọnnípọn lábẹ́ ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì. Ohun tí mo ti rí nínú fídíò wá sí mi lọ́kàn. Irin kékeré kan máa ń rọ̀ sínú ẹ̀rọ náà bíi plọ́ńbù tí bíríkìlà fi ń wo ògiri, òrùka irin sì yí i ká. Ẹ̀ṣọ́ ni. Tí ẹni tó ń ta ayò bá gbé ẹ̀rọ mì kó lè fi èrú jẹ, irin á kan òrùka, ohun gbogbo á sì dá dúró. A yọ tírè, a ṣí àpótí náà, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Pákó náà ti mú kí irin náà fara ti òrùka pátápátá. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ńṣe ni ẹ̀rọ náà rò pé èèyàn ń rẹ́ òun jẹ!

Mo pè wọ́n. Ọ̀rẹ́ mi di apá kan mú, ọmọ Àlájà di ìkejì mú, wọ́n gbé e sókè, mo fa pákó yọ. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, irin náà fì, ó fì, ó sì dúró sáàárín òrùka. Mo tẹ bọ́tìnì. Gbà-gbà-gbà! Nọ́ńbà yí padà, agogo dún, bọ́ọ̀lù irin náà yí jáde síwájú mi. Ọ̀rẹ́ mi ké “Alihamudulilai!”, ó gbá mi lẹ́yìn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Mi ò lè purọ́ fún ọ, omi bọ́ lójú mi.

“Ta ló fi pákó síbẹ̀ ná?” mo béèrè.

Àlájà wo pákó náà. “Ọjọ́ fìdáù,” ó ní. “Èèyàn pọ̀, tábìlì ò tó, abọ́ ọbẹ̀ ń yọ̀ lórí ẹ̀. La bá gbé e sókè.” Ó wá bú sẹ́rìn-ín títí gèlè fi tú lórí rẹ̀. “Sùbúhánàlláhì! Àwa la ní kó dákẹ́, a wá ń sọ pé ó bá Baba lọ!”

“Èmi ni mo wá pákó náà,” ọmọ rẹ̀ sọ. Ó jókòó sápá àga, ó fọwọ́ méjèèjì bojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Títí di òní mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni àbí ẹkún.

Àwọn tó ń ra irin dé lẹ́yìn Alásárì. Ọmọ Àlájà lọ bá wọn lẹ́nu ọ̀nà, ó bẹ̀ wọ́n, ó dá wọn padà. Nígbà tó wọlé, Àlájà ti wà nídìí géèmù lórí àga gíga, ọwọ́ rẹ̀ ń wá bọ́tìnì, bọ́ọ̀lù ń já bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ léraléra, kò sì bìkítà.

“Màámi, bẹ́ẹ̀dì yín ńkọ́? Níbo la máa gbé tábìlì ìjẹun sí?”

“Gbé e fún ará ilé kejì,” ó fèsì, kò gbójú sókè. “Ilẹ̀ ni mo ti ń jẹun kí n tó mọ bàbá yín.”

Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Láti ọjọ́ náà, tí ẹnikẹ́ni bá gbé nǹkan wá fún mi pé ó ti kú, mo máa ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé lọ́jọ́ tó dákẹ́, kí n tó mú mítà. Ọ̀rẹ́ mi ní mo ti di adájọ́ kóòtù ìbílẹ̀. Kó máa sọ ọ́ lọ. Ẹ̀rọ ò mọ ọ̀fọ̀ ṣe. Àwa èèyàn la mọ̀ ọ́n ṣe, ohun tó bá sì sún mọ́ wa jù la máa ń gbé ọ̀fọ̀ wa lé.